Spring break ní Pọ́túgà àti Sípéènì: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò ẹ̀ tẹ́ ò fi ní bára yín jà

Spring break ni hólídè bí ọ̀sẹ̀ kan tí iléèwé gíga l'Amẹ́ríkà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà oṣù kẹta. Ibi tí ìjà ẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe etíkun, kì í sì í ṣe ẹapọ́ọ̀tù, inú gúrúùpù WhatsApp ni. Ẹnì kan á ju fọ́tò òkun síbẹ̀ nínú oṣù kọkànlá, gbogbo ayé á máa pariwo "èmi náà ńkọ́, ẹ kà mí mọ́ ọn", ó di oṣù kejì, nínú èèyàn 9 tó pariwo, 4 péré ló lówó lọ́wọ́, páásípọ́ọ̀tù ẹnì kan ti kú, ẹnì kan ṣì ń dúró de owó tí bọ̀dá ẹ̀ fẹ́ fi ránṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rí nígbà yẹn sì ti fò sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rin ìrìn yìí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi nígbà tí mo wà níléèwé l'Amẹ́ríkà. Ti àkọ́kọ́ ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ìkejì dùn débi pé a ṣì ń sọ ọ́ títí di ìsìnyí, kò sì sí àṣírí kankan níbẹ̀, nígbà kejì a ti sọ̀rọ̀ owó tán pátápátá ká tó dárúkọ òkun.

Ìrìn tí mò ń sọ nìyí: ẹ fò lálẹ́ Fráìdè tí kíláàsì parí, ẹ balẹ̀ sí Lisbon ní Sátidé, ẹ sun oorun 3 níbẹ̀, ẹ sun 3 ní Lagos, ẹ sun 2 ní Seville, ẹ padà ní Sọ́ńdè. Lagos ọ̀hún kì í ṣe Èkó o! Ìlú kékeré kan létí òkun ni, ní gúúsù Pọ́túgà, agbègbè tí wọ́n ń pè ní Algarve, tẹ́ ẹ bá sì ń wá ilé tàbí bọ́ọ̀sì ẹ rí i pé ẹ kọ Portugal mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ́ kàn máa rí ilé ìgbàlejò Ìkejà. Ìlú méjì, etíkun kan, ó tó. Àwọn kan á fẹ́ fi Barcelona àti Paris kún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá lọ, inú ọkọ̀ ni wọ́n máa ti lo hólídè wọn.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ ka orí, ẹ ka owó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 4 tàbí 5 ṣáájú. Iye èèyàn ló kọ́kọ́. 4 ló dáa jù, táksí kan gbé yín, tábìlì kan gbà yín. 5 ló burú jù nínú gbogbo iye, torí ìgbà gbogbo lẹ máa sanwó táksí méjì, ẹnì kan á sì máa dá jókòó nínú bọ́ọ̀sì. 6 ṣì ṣeé gbà. Tó bá ti kọjá 8, ẹ máa lo wákàtí kan láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró de ẹni tó ń wá yẹtí.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹni tó ń ṣètò bi oníkálukú ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe nínú gúrúùpù o: èló lo lè ná gan-an tí kò ní kan owó ilé àti owó oúnjẹ ẹ tá a bá padà dé? Iye tó kéré jù tẹ́ ẹ bá gbọ́, òun lẹ máa fi ṣètò fún gbogbo yín. Mo mọ̀ pé èyí ò ní dùn mọ́ ẹni tó lówó nínú yín, ṣùgbọ́n tí kò bá lè gbà á, kó wá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò lówó kì í sọ ọ́ síta, á kàn máa rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé yín ni. Ní ìrìn àkọ́kọ́ wa, ọ̀rẹ́ mi kan jókòó sílé oúnjẹ, ó ní omi nìkan lòun fẹ́, ó ní inú ń run òun. Lọ́jọ́ kejì, inú tún ń run ún. Ọjọ́ kẹta ló tó jẹ́wọ́ fún mi lórí àtẹ̀gùn pé 60 yúrò ló kù lọ́wọ́ òun, ìrìn sì ku ọjọ́ 5. Ojú tì mí gan-an, torí èmi ni mo yan àwọn ilé oúnjẹ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ dá ọjọ́ kan tí owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tí kò bá san lọ́jọ́ náà, ẹ má kà á mọ́ ọn, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì bẹ̀ ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, kí oníkálukú fi káàdì ara ẹ̀ ra tiẹ̀, ẹ kàn jọ wà lórí fóònù kẹ́ ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà, torí tí ẹnì kan bá rà fún èèyàn 6, tí ìrìn wá yẹ̀, òun nìkan ni gbèsè máa já lé lórí. Owó ilé, ẹnì kan ló máa san án, lẹ́yìn tí owó gbogbo yín bá ti wọ àkáǹtì ẹ̀, kì í ṣe ṣáájú.

Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, ẹ ṣe àpò àjọ. Oníkálukú á dá 50 yúrò, ẹnì kan ṣoṣo lá máa dì í mú, ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan ni o, kì í ṣe ẹni tó gbáfẹ́ jù. Ibẹ̀ ni owó táksí, omi, búrẹ́dì àti tréènì ti máa jáde, tó bá tán ẹ tún dá a. Ọtí ò sí níbẹ̀! Ẹni tó fẹ́ mutí kó mu ún lápò ara ẹ̀, torí ẹnì kan á mu omi ọsàn kan, ẹnì kejì á mu bíà mẹ́rin, bíìlì á dé, wọ́n á ní ká pín in dọ́gba. Gbogbo nǹkan yòókù tí ẹnì kan bá bá ẹnì kejì san, ẹ kọ ọ́ sínú Splitwise, áàpù tó ń ṣírò ẹni tó jẹ ẹnì kejì lówó, lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ máa rántí.

Ìgbésẹ̀ 2: ìwé ìrìnnà

Ibí ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà sítúdéǹtì ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ò nílò físà fún ìrìn kúkúrú, ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 ló ní ní gbogbo ilẹ̀ Schengen pọ̀, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, orílẹ̀-èdè 29 sì ni. Ẹni tó bá ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní láti gba físà, físà kan náà ló máa gbé e wọ Pọ́túgà àti Sípéènì. Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti máa sùn jù lẹ máa gbé ìwé lọ bá, tiwa yìí oorun 6 ní Pọ́túgà, 2 ní Sípéènì, nítorí náà Pọ́túgà ni. Owó ẹ̀ jẹ́ 90 yúrò, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní íńṣọ́ránsì ìrìnàjò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò fún ìtọ́jú. Ẹ lè gbé e wọlé láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn, kò gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ tó kéré sí 15. Wọ́n ní ọjọ́ 15 láti dáhùn, ṣùgbọ́n ó lè fà dé 45, ọjọ́ àdéhùn fúnra ẹ̀ sì máa ń ṣòroó rí, ẹ má dúró di oṣù kejì. Páásípọ́ọ̀tù yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 3 lára lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò ńbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tíì ju ọdún 10 lọ tí wọ́n ti ṣe é.

Lílọ ò le tó bíbọ̀. Ẹni tó wà lórí F-1, ìyẹn físà sítúdéǹtì Amẹ́ríkà, wo I-20 ẹ, ìwé tí iléèwé fún ẹ láti fi gba físà náà, ojú ìwé kejì, ibi tí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti ń buwọ́ lù ú fún ìrìnàjò, kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún kan tí wọ́n buwọ́ lù ú lọ́jọ́ tó o máa padà wọlé. Wo físà Amẹ́ríkà tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ẹ náà, tó bá ti kú, jọ̀ọ́ má jáde, torí wàá ní láti lọ gba òmíràn kó o tó lè padà sí kíláàsì, òfin wọn sì ń yí lemọ́lemọ́ báyìí. Kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá ni kó o ti lọ bá ọ́fíìsì yẹn sọ̀rọ̀.

Láti 12 oṣù kẹwàá 2025, Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka ọwọ́ àti fọ́tò ojú dípò òǹtẹ̀, ẹ̀ka kékeré kan nínú ìrìn yín ni, ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀ máa ń gùn. Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní ìlú kan ní Yúróòpù kẹ́ ẹ tó dé Lisbon, wákàtí kan àti díẹ̀ ò tó, ẹ fún un ní 3.

Ìgbésẹ̀ 3: tíkẹ́ẹ̀tì àti ilé

Tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Lisbon, ẹ jáde ní Seville, multi-city ni wọ́n ń pè é lórí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ má baà tún padà gba ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá. Tẹ́ ẹ bá rà á l'Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra ẹ̀, tí ìrìn sì ṣì ku ọjọ́ 7 ó kéré tán, òfin ní kí wọ́n fún yín ní wákàtí 24 láti fagi lé e kẹ́ ẹ gba gbogbo owó yín padà, àbí kí wọ́n bá yín di iye náà mú fún wákàtí 24 láìgba owó, ìyẹn dáa fún ẹni tí ìpinnu ẹ̀ máa ń yí lóru. Ẹ ṣọ́ aago náà. Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta, Yúróòpù ń ṣe tiwọn ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù náà, tó bá jẹ́ Sọ́ńdè yẹn lẹ fẹ́ fò padà, wákàtí kan á pòórá lóru, ọkọ̀ ò sì ní dúró.

Ilé ní Lisbon, ẹ má gba ohun tí máàpù bá sọ gbọ́. Orí òkè ni ìlú yẹn wà, ohun tí máàpù pè ní ìrìn ìṣẹ́jú 8 lè jẹ́ àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun ni wọ́n sì tò sí ojú ọ̀nà, tó bá rọ̀jò, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Alẹ́ tá a kọ́kọ́ dé, mo wọ́ bàágì oníwíìlì gba àdúgbò Alfama, kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn wíìlì kan ti yọ, ó ń yí lọ sísàlẹ̀, ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé ẹ̀ fi ẹsẹ̀ dá a dúró fún mi láìdìde. Bàágì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé. Ìlú náà ń gba owó orí àlejò, 4 yúrò fún ẹnì kan fún oorun kan, ẹ wò ó bóyá ó ti wà nínú iye tẹ́ ẹ san, tí kò bá sí, ẹ fi sínú àpò àjọ. Ẹ má sanwó ilé fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ jáde kúrò lórí ìkànnì wá san án fóun lọ́tọ̀ kóun lè dín in, bó ti wù kó dùn lẹ́nu tó.

Ìgbésẹ̀ 4: Lisbon

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ má ṣe nǹkan kan, ara á ti rẹ̀ yín, ẹ kàn rìn lọ sétí odò Tagus, ẹ jẹun, ẹ sùn. Ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí àdúgbò Belém ní àárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ọjọ́ kẹta ẹ mú ọ̀kan: tréènì láti Rossio lọ sí Sintra, àbí láti Cais do Sodré lọ sí Cascais, bíi ìṣẹ́jú 40 ni méjèèjì. Cascais ni èmi á mú, torí ẹ lè bọ́ sílẹ̀ ní Carcavelos, iyanrìn ńlá wà níbẹ̀, iléèwé sáfù, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti fi pákó gun ìgbì, náà wà.

Ilé oúnjẹ: kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, wọ́n á ti gbé búrẹ́dì, ólífì àti wàrà gbígbẹ sórí tábìlì. Couvert ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe sàárà o. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀ẹ́ sanwó ẹ̀. Tẹ́ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ rọra ní kí wọ́n gbé e lọ, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Tram 28, tréènì kékeré ojú títì tí gbogbo èèyàn ń yà fọ́tò ẹ̀, ibẹ̀ làwọn tó ń yọ nǹkan lápò ti ń ṣiṣẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: fóònù ò gbọ́dọ̀ wà lápò ẹ̀yìn, bàágì síwájú àyà, tí ẹnì kan bá sì kàn ń tì yín láìsí ìdí tí ilẹ̀kùn fẹ́ ṣí, ẹ fọwọ́ kan àpò yín kẹ́ ẹ tó wo ojú ẹ̀. Ní àdúgbò Baixa, àwọn kan á máa súnmọ́ yín sọ lábẹ́ ẹnu pé àwọn ní hashish, irú igbó kan. Ẹ má dáhùn. Ewé lásán ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé oògùn olóró bófin mu ní Pọ́túgà ò gbọ́ ọ dáadáa, òfin 2001 yẹn kàn sọ pé wọn ò ní gbé ẹni tó ní díẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ni, wọ́n ṣì ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á sì ní kó wá síwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tó wà lórí físà, ṣé o fẹ́ kí orúkọ ẹ wà níbẹ̀?

Ìgbésẹ̀ 5: òkun

Bọ́ọ̀sì láti Lisbon dé Lagos máa ń gbà tó wákàtí 4, ẹ jókòó sápá ọ̀tún kí oòrùn àárọ̀ má baà sun yín.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ tí àwọn fọ́tò kì í sọ: òkun Algarve tutù nínú oṣù kẹta. Omi ẹ̀ máa ń wà ní bíi 15 tàbí 16 digirí. Ẹni tó bá sáré bẹ́ sínú ẹ̀, èémí ẹ̀ á kọ́kọ́ há, èyí kì í ṣe àwàdà, torí ẹni tí èémí há máa ń gbé omi mì. Ẹ rọra wọ̀ ọ́, ẹ bu omi sí ọrùn àti àyà, ẹ dúró títí èémí yín á fi balẹ̀. Àmọ́ ìta móoru níwọ̀nba, oòrùn wà, èrò ò sí, owó ilé sì kéré sí ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún alẹ́.

Praia do Camilo ni kẹ́ ẹ lọ, àtẹ̀gùn pákó bíi 200 lẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ sì rántí pé òun náà lẹ máa gùn padà. Ní Ponta da Piedade, ẹ lè háyà káyáàkì wọ inú àwọn ihò àpáta, tí ìgbì ò bá le. Meia Praia ló gùn jù, bíi kìlómítà 4, ibẹ̀ dáa fún bọ́ọ̀lù.

Nǹkan mẹ́ta ló léwu ńbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àpáta fúnra ẹ̀. Àpáta pupa tó rẹwà yẹn, òkúta ẹfun ló pọ̀ lára ẹ̀, ó máa ń já. Ní oṣù kẹjọ 2009, àpáta wó lu àwọn èèyàn ní etíkun Maria Luísa lẹ́bàá Albufeira, èèyàn 5 kú. Ẹ má tẹ́ aṣọ sábẹ́ ẹ̀ nítorí ìbòòji, ẹ má sì dúró sí bèbè ẹ̀ lókè nítorí fọ́tò. Ìkejì, òkun máa ń fà, á tún kún padà. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti iyanrìn kan bọ́ sí èkejì nígbà tó fà, kó wá dí ọ̀nà mọ́ yín tó bá ń kún. Láàárọ̀, ẹ wá wákàtí maré, ìyẹn ìgbà tí òkun máa fà àti ìgbà tó máa kún lọ́jọ́ yẹn, lórí fóònù, ẹ bi ẹni tó ni ilé pàápàá.

Ìkẹta ló ń pa èèyàn jù: odò tó ń fà padà sínú òkun láàárín ìgbì. Ohun tó jẹ́ kó burú ni pé ibi tó ti dà bíi pé omi parọ́rọ́, tí ìgbì ò fọ́, tí ẹni tó ń bẹ̀rù á yàn pé ibí dáa fún òun, ibẹ̀ gan-an ló wà. Tó bá gbé ẹ, má bá a jà, má wẹ̀ padà sí ibi tó o ti wá. Jẹ́ kó gbé ẹ, léfòó, na ọwọ́ sókè, lẹ́yìn náà kó o wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìbú etíkun, títí wàá fi jáde nínú ẹ̀, kó o tó kọjú sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ omi kì í sábàá wà níbẹ̀ nínú oṣù kẹta, kò tíì tó àkókò wọn. Tẹ́ ẹ bá rí àsíá: pupa, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá, yẹ́lò, ẹ lè fẹsẹ̀ kàn án, ẹ má wẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó yá. Ẹni tó ti mutí ò gbọ́dọ̀ wọ omi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjíròrò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lórí iyanrìn nígbà gbogbo, ẹ pín in láàárín ara yín, òun lá máa ka orí tó wà nínú omi, òun náà lá máa ṣọ́ fóònù. Nọ́ńbà pàjáwìrì jẹ́ 112 ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Lagos, ẹ ya gbàgede Praça do Infante. Ní 1444, ìlú yẹn ni wọ́n kó àwọn ẹrú bíi 235 láti Áfíríkà sọ̀ kalẹ̀ sí, wọ́n pín wọn níbẹ̀, ìyá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Mùsíọ́mù kékeré kan wà níbẹ̀ báyìí, Mercado de Escravos, ìyẹn Ọjà Ẹrú. Ìdajì wákàtí ló gbà wá. Nígbà tá a jáde, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi dé etí omi.

Ìgbésẹ̀ 6: Seville, àtàwọn nǹkan wẹ́wẹ́

Bọ́ọ̀sì á gbé yín sọdá odò Guadiana, kò sí géètì kankan, ẹ kàn máa rí i pé aago fóònù ti fi wákàtí kan lọ síwájú. Páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀, torí ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ dúró.

Tí ìrìn yín bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ẹ tún un rò. Ní 2027, Àjíǹde jẹ́ 28 oṣù kẹta, Seville lọ́sẹ̀ yẹn máa ń kún fọ́fọ́ fún Semana Santa, ìyẹn Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọ́n á máa gbé ère káàkiri ìlú tọ̀sán-tòru, ọ̀nà á dí, owó ilé á gun òkè. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tí owó ń fún lọ́rùn. Ní ìgbà míì, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ààfin Alcázar lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, gbàgede Plaza de España tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ 1929 ò gba kọ́bọ̀. Ọsàn tó pọ̀ lórí igi ní gbogbo títì, ẹ má já a jẹ. Ọ̀rẹ́ mi já a, ó bó o, ó gé e jẹ, ojú ẹ̀ sún kì bí ẹni tó jẹ orógbó, ọsàn kíkorò tí wọ́n fi ń ṣe jáàmù ni.

Iná wọn 230 volt ni, ti Amẹ́ríkà 120. Ṣájà fóònù ò ní wàhálà, púlọ́ọ̀gì lẹ máa pààrọ̀, àmọ́ áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń na irun, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, tí kò bá sí 240 níbẹ̀ ẹ fi sílé. Tiwa dún pò, èéfín jáde, iná gbogbo yàrá lọ, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ na ìdajì orí kan. Ẹ̀rọ ATM tó bá bi yín bóyá kó ṣírò ẹ̀ ní dọ́là, ẹ ní rárá, ẹ mú yúrò, ṣírò tiwọn máa ń jẹ yín lówó. Pawa báǹkì nínú bàágì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Lóru, ẹni tó bá bá yín jáde gbọ́dọ̀ bá yín wọlé, bó ti wù kí ẹni tó pàdé níbẹ̀ rẹwà tó.

Alẹ́ Sátidé, ẹ má tíì jáde. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ṣí Splitwise, ẹ da àpò àjọ sílẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè kó fi ránṣẹ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọ bàtà. Tiwa nígbà kejì, 11 yúrò ló kù. A fi ra kọfí 4 ní ẹapọ́ọ̀tù láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọmọbìnrin tó ń di àpò mú sì ka ṣéńjì yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó tó pín in.